Omi Báàfù Tí Mo Gbé Wọ Takisí

Òórùn kòkó sísun ló máa ń kọ́kọ́ wọ kíláàsì wa láàárọ̀, kí àwọn ọmọ tó dé. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ láti ìhà àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá Yopougon, l'Abidjan níbí, òun náà á tẹ̀ lé e, á nípọn, á korò díẹ̀ ní ọ̀nà ọ̀fun, bí ẹni pé ẹnìkan gbàgbé ìkòkò ṣokoléètì sórí iná. Bí mo ṣe ń ròyìn rẹ̀ yìí, má rò pé mo gbọ́ òórùn náà lọ́dún tí mò ń wí. N kò gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ ni wọ́n máa ń di imú, tí wọ́n á máa pariwo pé, "Tántí, ó ń rùn! Tántí, ó ń ta sánsán!", èmi a sì mọ̀ pé atẹ́gùn ti yí padà. Imú mi wà lójú mi o, kò re ibì kan. Ó kàn jẹ́ pé kò bá mi ṣiṣẹ́ mọ́ ni, bí òṣìṣẹ́ ìjọba tó fi kóòtù rẹ̀ kọ́ sẹ́yìn àga, tí òun fúnra rẹ̀ ti lọ sílé.

Oṣù kẹta ọdún náà ni ọkọ mi kú. Ó fá irùngbọ̀n rẹ̀ ní àárọ̀ Sátidé kan, ó ní òun ń lọ ra búrẹ́dì ní ìkóríta, ó sì ṣubú síwájú ẹni tó ń tà á. Búrẹ́dì náà ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wálé fún mi. Mo gbà á, mo gbé e sórí tábìlì, mo tún fi aṣọ bò ó kí eṣinṣin má baà bà lé e. Bí mo ṣe wà fún oṣù mẹ́ta gbáko nìyẹn: ohun tí wọ́n bá gbé fún mi, màá gbà á, màá gbé e kalẹ̀, màá fi aṣọ bò ó. Àwọn èèyàn wa wá láti Marcory, wọ́n wá láti Cocody, wọ́n bá mi sunkún dáadáa. Èmi ni mò ń bu omi fún wọn mu. Ìwọ tí o mọ ẹnu mi, tí o mọ̀ pé n kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọjá láìfi ṣẹ̀fẹ̀, o lè rò pé akin ni mò ń ṣe. Rárá. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ni. Ara mi ti kú tìpìrì. Ẹnu ṣì ń dápàárá, ṣùgbọ́n bíi fáànù tí wọ́n ti pa iná rẹ̀, tó ṣì ń yí, ni.

Ìyá ọkọ mi ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ọmọ akọ̀wé ni wọ́n. Àwọn Faransé ló gbé bàbá wọn wá láti Àjàṣẹ́, tí àwọn ará ibí ń pè ní Porto-Novo, pé kó wá máa kọ̀wé ní ọ́fíìsì wọn níhìn-ín. Abidjan ni wọ́n ti bí Màmá, Abidjan ni wọ́n ti dàgbà, ṣùgbọ́n bí o bá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ nípa àṣà Àjàṣẹ́, wàá rò pé àná ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Lọ́jọ́ tí ọmọ wọn kú gan-an, kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti kojú gbogbo dígí ilé sí ògiri: ti pálọ̀, ti ara kọ́bọ́ọ̀dù, àti èyí tí ọkọ mi fi ń fá irùngbọ̀n, tó wà lórí ìṣó nítòsí fèrèsé yàrá wa. "Ilé tí òkú ti jáde kì í wojú ara rẹ̀," ni wọ́n wí, "títí a ó fi ṣe ìsìn ọdún kan."

Èmi tí mo kàwé, tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní sáyẹ́ǹsì, n kò janpata. Mo ní ìdí tèmi. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, nígbà tí wọ́n ti wá ké sí mi, tí mò ń wá bàtà mi kiri, mo kọjá níwájú dígí orí ìṣó yẹn, mo sì rí ẹ̀kán ọṣẹ mẹ́ta nísàlẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ òsì, tó ta sí i lára nígbà tí ọkọ mi ń fá irùngbọ̀n. Ó ti ń gbẹ. Nígbà tí Màmá wá ń kojú dígí sí ògiri, mo wí lọ́kàn mi pé ó dára bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò nù ún. Ohun kan ṣoṣo tó kù nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn nìyẹn, nítorí búrẹ́dì náà kò pẹ́ tó fi bu.

Kíláàsì àwọn ọlọ́dún márùn-ún ni tèmi, àwọn àgbà ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi. Tántí ni wọ́n ń pè mí, bí gbogbo ọmọ Abidjan ṣe ń pe olùkọ́ wọn, ẹni tó ń ta ìpanu, àti ẹnikẹ́ni tó bá bá wọn wí lójú pópó. Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, ara mi ló ń kọ́ wọn, èmi kò sí níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo ka ìtàn ehoro kan fún wọn. Bí mo ti parí rẹ̀, mo tún bẹ̀rẹ̀. Mo parí, mo tún bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin kan, tí mo sọ ní Minísítà nítorí pé kò sóhun tí kì í béèrè ìdí rẹ̀, ló nawọ́ sókè.

"Tántí, ehoro yẹn ti kú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ti tó."

Olùdarí ilé-ẹ̀kọ́ wa dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Kì í pariwo, bẹ́ẹ̀ ni kì í yí ọ̀rọ̀ padà. Ó pè mí sí ọ́fíìsì. Ó ní onímọ̀ràn ẹ̀kọ́ láti ọ̀dọ̀ ìjọba ń bọ̀ wá jókòó sí kíláàsì mi ní Ọjọ́bọ̀, àti pé ìmọ́lẹ̀ àti àwọn àwọ̀ òṣùmàrè ni iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà. "Kí àwọn ọmọ fi ojú wọn rí i o, kì í ṣe kí ẹ kà á fún wọn. Bí kò bá lọ dáadáa, màá ní kí ẹ lọ sinmi nílé títí di rentrée, ìwọlé ọdún tuntun." Ó fọwọ́ kàn mí léjìká. "Kì í ṣe ìyà, Tántí. Ìsinmi ni."

Ìsinmi! Bá mi gbọ́. Ilé tí wọ́n fẹ́ kí n lọ sinmi sí náà ni ilé tí gbogbo dígí ti kọ ẹ̀yìn síni, níbi tí èmi àti Màmá ti ń jókòó kojú ara wa ní pálọ̀ bíi bàtà ẹsẹ̀ òsì méjì. Ní kíláàsì, bí n kò bá tiẹ̀ sí níbẹ̀, ogún ọmọ ń pe Tántí, ẹnu mi a sì dáhùn. Nílé, kò sẹ́ni tó ń pe nǹkan kan. Mo mọ̀, bí a ṣe ń mọ̀ pé òjò ń bọ̀, pé bí mo bá wọ ilé yẹn lóṣù kẹfà tí mo jókòó, n kò ní dìde mọ́. Kò bà mí nínú jẹ́. Kò ṣe mí bákan. Mo kàn mọ̀ ọ́n ni.

Bí a ṣe ń mú òṣùmàrè sọ̀kalẹ̀ kò le. Gbé báàfù omi síbi tí oòrùn ti ń gba ojú fèrèsé wọlé, rẹ dígí sínú omi náà kó fara ti etí báàfù, kí o wá máa yí i díẹ̀díẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ á wọ inú omi ní funfun, á bọ́ sára ògiri ní àwọ̀ gbogbo. Ohun tó gba sùúrù níbẹ̀ ni pé omi gbọ́dọ̀ dúró jẹ́ẹ́. Bó bá mì, àwọn àwọ̀ á tún wọnú ara wọn, wọ́n á di funfun padà. Báàfù wà, omi wà. Oòrùn oṣù kẹfà l'Abidjan, ti àdúrà ni. Dígí ló wá di wàhálà. Èyí tó wà nínú báàgì mi kò ju ìdajì àtẹ́lẹwọ́ lọ. Òṣùmàrè tó mú wá fún mi lọ́jọ́ Ajé kò tó èékánná. Mo bá lọ yá dígí lọ́wọ́ onídìrí tó wà ní ìkóríta wa, ọmọ Nàìjíríà bíi bàbá mi. Ṣé ìwọ mọ̀ pé wọn kì í yá opó ní dígí? Èmi ò mọ̀ títí di ọjọ́ yẹn. Ó wo aṣọ dúdú ọrùn mi láti òkè délẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, dígí mi ti fọ́ lánàá."

Dígí náà wà lẹ́yìn rẹ̀ gbàgbà, ó tóbi bí ilẹ̀kùn, mò ń rí ìpàkọ́ rẹ̀ níbẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ni mo wí. "Ọlọ́run á pèsè òmíràn."

"Àmín, Ẹ̀gbọ́n."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú àwa méjèèjì.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, bí Màmá ti wọ ilé ìwẹ̀ báyìí, mo yọ dígí ọkọ mi kúrò lórí ìṣó. N kò wò ó. Mo kojú rẹ̀ sí àyà mi, mo fi táwẹ̀lì wé e, mo sì lọ. Wàá béèrè pé ṣé n kò rántí ẹ̀kán ọṣẹ mẹ́ta náà ni. Minísítà gan-an kò lè béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ṣọ́ ọ bí ẹni ṣọ́ ẹyin, ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ohun tó wà lórí mi kò ju pé dígí tó tóbi tó nìyí lọ. Bí orí tó ti kú tìpìrì ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: á mú ohun kan dání, á gbàgbé ohun tí wọ́n so mọ́ ọn.

Òjò rọ̀ kọjá aago mẹ́jọ. Onímọ̀ràn ẹ̀kọ́ dé pẹ̀lú bàtà tó ti mu omi yó. Ọkùnrin gíga ni, àga àwọn ọmọ la sì gbé fún un, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a létí sọ̀rọ̀. Mo ti bu omi kún báàfù, mo ti rẹ dígí sí i, mò ń wo ibòmíràn bí mo ṣe ń rẹ ẹ́. Ó ku kí Ọlọ́run tan iná. A kọrin, a ka àwọ̀ lórí pátákó, a tún un kà: pupa, ọsàn, yẹ́lò, ewé, ojú ọ̀run, aró, elése àlùkò. Mò ń pè é fún wọn ní Faransé, Yorùbá rẹ̀ ń lọ lọ́tọ̀ nínú mi. Onímọ̀ràn wo aago. Olùdarí, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, wò mí. Ìgbà yẹn ni ìkùukùu ya, oòrùn sì bọ́ sínú báàfù náà bí ẹni tó pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo yí dígí. Funfun ń sáré kiri ara ògiri. "Ẹ má mí!" ni mo wí, nítorí àwọn tó dúró ti báàfù ń mì í. Ogún ọmọ di imú, wọ́n di ẹnu, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wú bíi ti ọ̀pọ̀lọ́. Omi dúró. Ó sì dé. Ó na ara rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ pátákó, ó gùn tó apá mi, pupa létí kan, elése àlùkò létí kejì. Gbogbo èémí tí wọ́n dì ni wọ́n tú síta lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú ariwo. Omi mì, òṣùmàrè fọ́ di funfun. Ẹnìkan bú sẹ́kún pé ó ti lọ. "Kò lọ," ni mo wí, bí mo ṣe máa ń wí lọ́dọọdún. "Omi ló mì. Ẹ jẹ́ kó dúró." Wọ́n tún di imú.

Nígbà tó padà dé, Minísítà súnmọ́ mi. "Tántí, èwo ni ti aṣọ yín níbẹ̀?"

"Dúdú kò sí níbẹ̀."

"Kí ló dé?"

"Ìmọ́lẹ̀ tó bá dé ọ̀dọ̀ dúdú, dúdú á gbé e mì."

Kò gbà mí gbọ́. Kì í gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Ó di aṣọ mi mú, ó fà mí síbi tí àwọn àwọ̀ ń bọ́ sí, ó sì wò ó fúnra rẹ̀. Lóòótọ́, aṣọ náà kò mú nǹkan kan jáde. Ó ronú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ mi, ó tú ìka mi sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ mi sójú ìmọ́lẹ̀.

"Ọwọ́ yín gbà á," ló wí, bíi dókítà.

Mo wo ọwọ́ mi. Àwọ̀ gbogbo wà níbẹ̀, aró ní ìdí àtàǹpàkò, pupa lórí ìka tó kéré jù. Mo dúró kí nǹkan ṣe mí. Mo fún un láyè. Mo wò ó bí ẹni tó gba lẹ́tà aládùúgbò: ó lẹ́wà, kì í ṣe èmi ni wọ́n kọ ọ́ sí. Onímọ̀ràn ń kọ̀wé, ó ń mi orí. Nígbà tó rò pé ojú wa kò sí lára òun, òun náà na ọwọ́ sí i. Olùdarí gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. "Ó di ọ̀la, Tántí," ló wí, mo sì mọ̀ pé iṣẹ́ mi kò bọ́. Èyí náà, mo gbà á, mo gbé e kalẹ̀, mo fi aṣọ bò ó.

Nígbà tí àwọn ọmọ lọ jẹ ìpanu, mo bọwọ́ sómi láti yọ dígí. Bí mo ṣe ń nù ún, ojú mi lọ sísàlẹ̀, lọ́wọ́ òsì. Ó mọ́ kedere. Mo yí i padà, bóyá ọ̀tún ni. Ọ̀tún náà mọ́. Obìnrin kan ń wò mí láti inú rẹ̀, ewú ti yọ níwájú orí rẹ̀; mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kí i. Ìgbà náà ni mo mọ ohun tí mo ti ṣe. Mo wo báàfù. Ibi tí ọṣẹ náà lọ kò lè kọjá ibẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, nínú omi tó dúró jẹ́ẹ́.

Bàbá tó ń ṣọ́ géètì wọlé, ó di báàfù mú létí méjèèjì láti lọ dà á sídìí òdòdó.

"Ẹ fi sílẹ̀!"

Ó fò sẹ́yìn. "Tántí, omi lásán mà ni!"

"Ẹ bá mi wá bídọ̀nù, ẹ jọ̀ọ́."

Ó wò mí, ó wo omi náà, ó lọ mú bídọ̀nù, kẹ́ẹ̀gì òróró kan tó ti fọ̀, wá. Mo fi ife ṣokoléètì àwọn ọmọ bù ú, ife kan lẹ́yìn èkejì, n kò jẹ́ kí ẹ̀kán kan ṣòfò. Mo wọ takisí alájọwọ̀ tí à ń pè ní wórowóro, dígí lábẹ́ abíyá, bídọ̀nù lórí itan bí ọmọ. Awakọ̀ wò mí láti inú dígí tirẹ̀. "Tántí, bánjì ni ẹ gbé yẹn? Ẹ fún wa mu!" Bánjì ni wọ́n ń pe ẹmu níbí.

"Ọkọ mi ni," ni mo dáhùn.

"Ó mà fúyẹ́ o!"

"Ó ti pẹ́ tó ti jẹun."

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín títí a fi dé ìkóríta. Fáànù tó ń yí nìyẹn.

Màmá jókòó sẹ́nu ọ̀nà àgbàlá, ọwọ́ wọn lórí ọ̀pá. "Ìyàwó. Dígí yàrá yín ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde."

"Mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní òṣùmàrè, Màmá. Ẹ má bínú."

"Ṣé o wojú nínú rẹ̀?"

"Mo wò ó fìrí, nígbà tí mò ń yọ ọ́ nínú omi."

Wọ́n ronú sí i bí adájọ́. "Èyí tó tinú omi wá, omi ló ń jẹ́. Kí ló wà nínú bídọ̀nù?"

Mo sọ fún wọn. Ohùn mi rí pẹlẹbẹ bíi ti ẹni tó ń ka ìkéde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní ọṣẹ rẹ̀ wà lára dígí láti ọjọ́ náà, ẹ̀kán mẹ́ta. Mo ní mo ti ń pa á mọ́. Mo ní ọwọ́ ara mi ni mo fi rì í sómi, ibi tó kù sí nìyí. Mo gbé bídọ̀nù sílẹ̀ níwájú wọn. Màmá tẹjú mọ́ ọn títí.

"Nísàlẹ̀, lọ́wọ́ òsì?"

"Ẹ rí i?"

"Mo ti nù ún."

"Nígbà wo, Màmá?"

"Lọ́jọ́ náà gan-an. Kí n tó kojú rẹ̀ sí ògiri. Ta ló ń gbé dígí tó dọ̀tí kọ́ síbẹ̀ fún odindi ọdún? Kí wọ́n wá gbọ́ ọ l'Àjàṣẹ́?"

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ṣọ́ ẹ̀yìn dígí tó mọ́.

"O wá gbé omi ẹ̀rọ ilé-ẹ̀kọ́," ni Màmá wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "wá sí ilé tó ní ẹ̀rọ."

"Mo sọ fún awakọ̀ pé ọkọ mi ni."

Èjìká Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í mì. "Kí ló wí?"

"Ó ní ó fúyẹ́."

Ariwo tí Màmá pa, ará ilé kejì yọjú lójú fèrèsé. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọ̀pá fi bọ́ lọ́wọ́ wọn. Èmi náà rẹ́rìn-ín, n kò mọ ibi tó ti ń wá, ó ń fà mí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń dùn mí lọ́fun bí ẹni pé ẹnìkan ń ṣí ilẹ̀kùn tí ìpáta rẹ̀ ti dógùn-ún. Nígbà wo ni ẹ̀rín náà yí padà lẹ́nu wa, má bi mí. Nígbà tó tán, a jókòó síbẹ̀, à ń fi etí ìró nu ojú, Màmá nínú aṣọ ọ̀fọ̀ funfun wọn, èmi nínú dúdú mi.

"Gbé báàfù wá," ni wọ́n wí.

Ó ti tó aago mẹ́rin, oòrùn ẹ̀yìn òjò ń wọ àgbàlá. A da omi bídọ̀nù sí báàfù, mo fi dígí sí i, a dúró kó sinmi. Ó yọ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn aṣọ. Màmá kò sọ pé ó lẹ́wà. Wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún wọn sí i, mo bá fi tèmi gbé e nísàlẹ̀.

"Ọwọ́ yìí ni mo fi nù ún," ni wọ́n wí. "Ó ti gbẹ nígbà náà. Èékánná yìí ni mo fi ha á."

Àwọ̀ gbogbo dúró sórí èékánná náà.

N kò ní tàn ọ́ pé ara mi yá lọ́jọ́ kejì. Oṣù púpọ̀ ṣì kọjá kí òórùn kòkó tó padà wá bá mi, tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì tí mo sì bú u pé ó ti ń rùn jù. Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí oòrùn bá wà láago mẹ́rin, títí a fi ṣe ìsìn ọdún kan, Màmá á ké sí mi pé, "Ìyàwó, báàfù," a ó sì jókòó síbẹ̀, a ò ní sọ púpọ̀. Wọ́n ti dájọ́ pé dígí inú omi kì í ṣe dígí, mo sì fara mọ́ ọn, èmi onísáyẹ́ǹsì. Ohun tí mo pè ní òfo nínú ara mi fún oṣù wọ̀nyẹn, n kò pè é ní òfo mọ́. Lọ́dọọdún ni mo ṣì ń gbé báàfù náà sójú fèrèsé, lọ́dọọdún ni ọmọ kan sì ń bú sẹ́kún nígbà tí òṣùmàrè bá fọ́ di funfun. Ọ̀rọ̀ kan náà ni mò ń sọ fún un, àmọ́ nísinsìnyí mo mọ ohun tí mò ń sọ. Kò lọ. Omi ló mì. Jẹ́ kó dúró.